Bí Owó Orí Bá Kúrò Lórí Sólà, Kí Ọjà Fi Hàn

Nígbà tí iná bá lọ ní Ladjifarani, aránṣọ á dúró, onídìrí á dúró, ẹni tó ń ta ẹja yìnyín á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ohun tó máa bàjẹ́. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ á wá epo lọ. Ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo kpayo náà ti gbówó lórí. Oòrùn Borgou nìkan ni kò tíì gbówó lórí. Ohun tí a ó fi gbà á wọlé ló wọ́n. Àwọn àgbà sì ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ owó orí lórí ohun èlò sólà fi kan gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. TVA ní Benin jẹ́ 18%. Bí pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti ínfátà tí aránṣọ kan fẹ́ rà bá jẹ́ 300,000 sẹ́fà láìsí owó orí, bí TVA bá wà lórí rẹ̀, á sọ ọ́ di 354,000. 54,000 tó gun orí rẹ̀ yẹn ju owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin, tí í ṣe 52,000 láti oṣù Kìíní ọdún 2023. A ò tíì ka owó aṣọ́bodè, a ò sì tíì ka èrè ẹni tó ń tà á.

Kì í ṣe pé àwọn aláṣẹ kò mọ̀. Láti ọdún 2009 ni UEMOA ti gba àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ láyè láti dín TVA kù sí àárín 5% sí 10% lórí àwọn ọjà kan, ohun èlò iná oòrùn sì wà lára wọn. Nílé níbí, òfin ìdókòwò ti ọdún 2020 ń fún ilé iṣẹ́ tó bá gba ìwé àṣẹ ní ìdẹ̀rùn owó orí. A tún ti rí ilé iṣẹ́ iná oòrùn Illoulofin ní Pobè, mẹ́gáwáàtì 25, tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje ọdún 2022. Inú wa dùn sí i.

Ìbéèrè wa ni pé: ta ni ìdẹ̀rùn owó orí ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ẹni tó ní agbẹjọ́rò àti oníṣirò owó lè kọ̀wé béèrè fún ìwé àṣẹ. Aránṣọ tó ń san TPS, owó orí àwọn oníṣòwò kéékèèké, kì í gba TVA lọ́wọ́ oníbàárà, kò sì lè gba èyí tó san padà lọ́wọ́ ìjọba. Ohun tó bá san lọ́jà, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Òfin tí Ààrẹ Biden fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 dín owó orí kù fún ilé iṣẹ́ tó bá gba èéfín kábọ́ọ̀nù mú, tó sì rì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀: dọ́là 85 lórí tọ́ọ̀nù kan. Òfin kan náà dá 30% owó tí onílé bá ná lórí sólà padà fún un nínú owó orí rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025, òfin tuntun tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí fi òpin sí ti onílé ní ìparí ọdún náà. Ti àwọn tó ń rì èéfín mọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀bẹ dé, ti onílé ló kọ́kọ́ gé.

Kẹ́ńyà náà dá TVA padà sórí ohun èlò sólà ní ọdún 2020, ó sì tún yọ ọ́ ní ọdún 2021. Oníṣòwò wo ló lè fi ọkàn balẹ̀ ra ọjà lórí irú òfin bẹ́ẹ̀? Tógò tó múlé tì wá gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ètò CIZO, ní ọdún 2019, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi 2,000 sẹ́fà lóṣooṣù ran ìdílé tó bá gba sólà lọ́wọ́. Ẹni tó ń lo iná náà ni owó ọ̀hún ń ràn lọ́wọ́ ní tààrà.

Àwọn kan á ní owó orí yìí kan náà ni ìjọba fi ń ṣe ọ̀nà, tó fi ń san owó olùkọ́, àti pé oníṣòwò lè kó ìdẹ̀rùn náà sápò láìdín iye ọjà kù. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a kò fi béèrè ìdẹ̀rùn tí kò lójú. Ní ọdọọdún, àwọn aṣòfin ní Porto-Novo ń dìbò lórí òfin ìnáwó. A fẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́rin sínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́, kí ohun èlò kéékèèké tí aráàlú ń rà wà nínú ìdẹ̀rùn náà, bátìrì àti ínfátà pẹ̀lú, torí pánẹ́ẹ̀lì nìkan kò lè tan iná lóru. Ìkejì, kí wọ́n sọ iye ọdún tí yóò fi wà, kí wọ́n má sì yí i padà láàárín. Ìkẹta, kí ọjà tí kò dára má jẹ nínú rẹ̀. Ìkẹrin, kí wọ́n lẹ orúkọ ọjà tí owó orí ti kúrò lórí rẹ̀ mọ́ ọjà Arzèkè, ní èdè Faransé, Baatonu, Dendi, Yorùbá àti Fon, kí ìjọba sì máa sọ lọ́dọọdún iye tó yọ̀ǹda àti ẹni tó jẹ ẹ́.

Bí ìyá tó ń ta ẹja yìnyín bá mọ̀ pé kò yẹ kí TVA wà lórí bátìrì, yóò bi ẹni tó ń tà á léèrè. Ìbéèrè tirẹ̀ yẹn lágbára ju ìwé tó wà nínú àpótí ní Cotonou lọ.