Ẹ Jẹ́ Kí A Jáwọ́ Nínú Sísin Ejò Aláìsàn Nítorí Àwọ̀

Òwò kan ti wọ àárín àwọn ọ̀dọ́ wa ní ìlú òyìnbó tí a kò gbọdọ̀ fi ojú fò dá: sísin ejò mọ́námọ́ná láti fi àwọ̀ rẹ̀ pawó. Ejò yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti Tógò, Benin àti Gánà ni wọ́n ti ń kó o lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ní ọdún 1992 ni àfín rẹ̀ kọ́kọ́ jáde láti inú ẹyin nínú ilé ọ̀sìn ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni àwọ̀ tuntun ti di ọjà olówó gọbọi.

N kò sọ pé àwọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Súrà Fátírì ka oríṣiríṣi àwọ̀ ẹranko mọ́ àmì Ọlọ́hun, ọ̀pọ̀ àwọ̀ ni kò sì pa ejò lára. Bẹ́ẹ̀ ni n kò wá dá ẹjọ́ lórí títa ejò fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ fíkíhì ti ń jiyàn lé lórí. Ohun tí mo ń bá jà ni kí ènìyàn mọ̀ pé ìyà wà nínú àwọ̀ kan, kí ó sì tún máa mú un bí sí i fún títà.

Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní spider. Àbùdá tí ó fún un ní ọnà ara náà ni ó ń mú orí rẹ̀ gbọ̀n. Bí ó bá fẹ́ bu oúnjẹ jẹ, ó lè tàsé. Bí a bá yí i dojú dé, ó lè má tètè yí padà. Àyẹ̀wò tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé inú etí rẹ̀, níbi tí ẹ̀dá ti ń mọ ìdúró, kò rí bí ó ti yẹ.

Àwọn kan ń wí pé, “Ó ń jẹun, ó ń yé ẹyin, kí ni ó tún kù?” Ẹlẹ́wọ̀n náà ń jẹun. Bí obìnrin kan bá wọ iná nítorí ológbò tí ó so mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọ̀la Ọlọ́hun máa bá a, ti sọ fún wa, kí ni a ó wí nípa ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ mú ẹ̀dá wá sínú ìyà? Ẹni tí yóò mú ọ̀pá gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ìran àìlábùlà ńkọ́? Àbùdá àfín máa ń fara pamọ́: ejò lè gbé e láì hàn lójú, àti bàbá àti ìyá ni ó sì gbọ́dọ̀ fún ọmọ kí ó tó jẹ́ àfín. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń fi ọmọ gun ìyá. Nítorí èyí kan náà ni olùrà fi sábà máa ń gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu olùtà. Ànábì ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan ní ọjà, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀, ó sì kọ ẹlẹ́tàn sílẹ̀. Ìran tí a parọ́ rẹ̀ ni ọ̀rinrin abẹ́ òkìtì náà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní spider, kí ó tọ́jú rẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ kí ó bí mọ́. Kí ó kọ ìran ejò rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti rí gan-an. Èyí tí kò bá mọ̀, kí ó sọ pé òun kò mọ̀. Èrè tí a bá pàdánù níbẹ̀, Ọlọ́hun ni Olùpèsè.