Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà Kí Orí Ọmọ Tuntun Wọ́

Àgbà ni òwe yìí ń bá wí. Ìyá tó pọ̀n ọmọ kò lójú lẹ́yìn. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń rí i pé orí ọmọ ti wọ́, òun ló sì yẹ kó sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé alàwòrán rí. A óò ra ìwé ní Yábàá, a óò kì í bọ ọmọ lọ́wọ́, a óò ní kó lọ kàwé, bí ẹni pé ìwé náà ni àgbà.

Ẹ wo Baby Goes to Market, tí Atinuke kọ, tí Angela Brooksbank ya àwòrán rẹ̀, tó jáde ní 2017. Ìyá kan pọ̀n ọmọ lọ sọ́jà. Wọ́n fún ọmọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà. Ó jẹ ẹyọ kan, ó rọra kó márùn-ún sínú agbọ̀n tí ìyá rẹ̀ rù, ìyá kò mọ̀. Àgbà tó bá sáré ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti fo ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá fìka sí agbọ̀n, tó bèèrè pé, "Mélòó ló kù? Ṣé ìyá ẹ̀ rí i?" ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti òye. Ní 1988, Grover Whitehurst àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú èyí wò ní Amẹ́ríkà. Gbogbo òbí tó kópa ló ń kàwé fún ọmọ wọn nílé, ṣùgbọ́n apá kan ni wọ́n kọ́ láti máa bèèrè ìbéèrè tó ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, ọmọ àwọn òbí tí wọ́n kọ́ ti fi bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ àbọ̀ ṣáájú àwọn yòókù nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ. Gbogbo wọn ló kàwé. Ọwọ́ tí àgbà fi mú un ló yàtọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ìyá tó ń tajà ní Ojúwòyè, ní Múṣín, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé. Àwòrán kò ní èdè, ta ló sì mọ ọjà jù ú lọ? Kó fi Yorùbá pe ọsàn, kó pe àgbàdo sísun. Ọmọ ti gba ọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn á ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gba kì í jẹ́ kí òun tètè délé. Òótọ́ ni, ó sì le. Ṣùgbọ́n ojú ewé kan lálẹ́ tó, nítorí ìwé kan náà kì í tètè sú ọmọ. Fóònù tí a fi ń rọ́pò ara wa ńkọ́? Ó ń kọrin, àwòrán rẹ̀ ń rìn, àmọ́ kì í dúró de ìbéèrè ọmọ. Nítorí náà, kí a tó sanwó ìwé, ẹ jẹ́ kí a ti mọ ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ.