Kí Ohùn Ìyáàlù Má Ṣe Rì

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ń kọ wá lóminú. Bí a bá ń ṣe ìnáwó ní Fìdítì tàbí ní Ìlọrà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn a máa bú tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń wí mọ́. Òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Bí ohùn nípọn inú ẹ̀rọ bá bò ó mọ́lẹ̀, oríkì di ariwo.

Àtúnṣe kò jìnnà. Ní ọdún 1952, Peter Baxandall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àwòrán ẹ̀rọ kan sínú ìwé ìròyìn Wireless World. Gílóòbù rédíò ni ó fi ṣiṣẹ́. A sì lè fi bu ohùn nípọn kù, kí a fi kún ohùn tínínrín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ọwọ́ ara wọn kan irú rẹ̀ nílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń tún rédíò ṣe, ẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Iná inú rẹ̀ a máa ju volt 200 lọ. Ó lè pani, kódà lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá wọn ra irinṣẹ́. Ẹni tí kò mọ ẹ̀rọ rẹ̀ í tún ṣe, ohùn tí ẹlòmíràn bá yàn fún un ni yóò máa gbọ́.