Òkè Gíga Kì Í Ṣe Ibi Ìkánjú

Orúkọ Òkìtìpupa ń rántí òkìtì ilẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n odò, àbàtà àti oko ọ̀pẹ la fi mọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kì í ṣe òkè gíga. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa bá ń gbèrò láti gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn lọ gun Kilimanjaro ní Tànsáníà, inú mi ń dùn sí i. Ohun tí n kò fara mọ́ ni ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún un.

Owó ọkọ̀, bàtà àti aṣọ òtútù ni ọ̀pọ̀ ń kà sí ìmúrasílẹ̀. Afẹ́fẹ́ gan-an ni ọ̀ràn tó le jù. Òkè náà ga ní mítà 5,895; ní ṣóńṣó rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gbé ẹ̀mí ró kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tí à ń mí nílé lọ. Orí fífọ́, èébì àti àìróorunsùn ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Bí ènìyàn bá fi agídí tẹ̀ síwájú, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tàbí kí ọpọlọ rẹ̀ wú, èyí sì ń pani. Kò mọ ọ̀dọ́, kò mọ alágbára.

Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn kò ṣòro: bí a bá ti kọjá mítà 3,000, kí ibi tí a óò sùn lónìí má fi ju mítà 500 lọ ga ju ti àná, kí a sì máa fi ọjọ́ kan sinmi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn kan yóò ní ọjọ́ púpọ̀, owó púpọ̀ ni. Òótọ́ ni, nítorí ojoojúmọ́ ni owó ìjọba àti ti afinimọ̀nà ń gorí ara wọn. Síbẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ọjọ́ méje, kí ó dúró di ọdún mìíràn, kí ó má ra ọjọ́ márùn-ún.

Kí ó lo ọdún náà ní Òkè Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ẹsẹ̀ àti èjìká yóò kọ́ ẹrù níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ga tó láti kọ́ ẹ̀dọ̀fóró.

Kí ẹgbẹ́ sì fẹnu kò kí wọ́n tó kúrò nílé: ẹni tí orí bá ń fọ́ kò ní gùn sí i, ẹni tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí wọ́n mú un sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru. Òkè kò ní ṣí kúrò níbẹ̀. Ẹni tó padà wálé láìdé ṣóńṣó kò pàdánù ohunkóhun. Ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dúpẹ́.