Ẹ Má Gba Gbogbo Ìwé Tí A Bá Fi Ránṣẹ́

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi ní Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́, Akínmọ̀ọ́rìn àti gbogbo ìlú Afijió,

Ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé tí ẹ ní ẹ fẹ́ dá sílẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa níbí, inú wa sì dùn sí i gan-an. A ti ń kó ìwé sínú páálí. Ìyẹn gan-an ló mú mi kọ lẹ́tà yìí: mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ dá wa dúró ná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú àwọn páálí náà. Ìwé owó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin rẹ̀ ti yí padà. Ìwé kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ tí àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ nípa wọn kò sí lọ́jà mọ́. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ibí wà níbẹ̀, kò sì bá ti WAEC mu. Ìfẹ́ la fi kó wọn jọ, n kò jiyàn. Àmọ́ ilé wa náà ló kún, a sì ń wá ibi tí a ó kó ẹrù sí. Bí ẹ bá gbà á tán, pẹpẹ yín á kún lọ́jọ́ kìíní, ọmọ ilé ìwé tó bá wọlé kò sì ní rí ìwé kan ṣoṣo tí yóò wúlò fún un.

Àjọ kan wà níbí tó ń jẹ́ Book Aid International. Obìnrin kan, Hermione Ranfurly, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1954. Ìwé tí àwọn èèyàn ti kà tán ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó lọ sókè òkun. Lónìí, ìwé tuntun tí àwọn ilé ìtẹ̀wé fún wọn ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Àwọn tí fífi ìwé tọrẹ jẹ́ iṣẹ́ wọn ti kúrò nídìí ìwé tòkunbọ̀. Kí ló dé tí àwa ọmọ yín á ṣì máa kó o wá bá yín?

Ilé ìkàwé àdúgbò wa níbí lẹ́wà. Ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, ó sì gba ẹ̀bùn Stirling lọ́dún náà fún bí wọ́n ṣe ya àwòrán ilé náà. Ṣùgbọ́n ẹ má wo ilé, ẹ wo ohun tó ń lọ nínú irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ṣírò gbogbo ìwé tí èèyàn bá yá. Òṣìṣẹ́ mọ èyí tí wọ́n ń béèrè tí kò sí, ó sì mọ èyí tó ti jókòó lórí pẹpẹ lọ́dún mélòó kan láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọdọọdún ni wọ́n ń ra, ọdọọdún ni wọ́n ń yọ. Ní 1976, ilé ìkàwé ìjọba ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde lórí yíyọ ìwé, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé sì ń lò ó títí dòní. Ìbéèrè rẹ̀ kò le: Ṣé ìwé yìí ń ṣi èèyàn lọ́nà? Ṣé ó ti ya kọjá àtúnṣe? Ṣé èyí tó dára jù ú lọ ti jáde? Ṣé kò wúlò fún àwọn ará ìlú yìí? Ṣé ó rọrùn láti rí níbòmíràn? Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọsàn létí títì ní Fìdítì kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé èyí fún yín. Ẹ kì í fi èyí tó ti rà sáàárín èyí tó dára nítorí pé wọ́n fi ta yín lọ́rẹ.

Nítorí náà, kí ẹ tó kan pẹpẹ, ẹ kọ ìlànà sílẹ̀. Ojú ìwé kan péré ti tó. Ta ni yóò máa kà? Irú ìwé wo la ó rà, irú wo la ó kọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́? Ta ló láṣẹ láti yọ ìwé? Ẹ fi àṣẹ náà sọ́wọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Kí ó má ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tó fi owó sílẹ̀, tàbí olóṣèlú, tàbí pásítọ̀ nìkan, tàbí ìmáàmù nìkan. Bí ìwé kan bá bí ẹnì kan nínú, kí onítọ̀hún kà á tán, kí ó kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ìgbìmọ̀ sì wò ó. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ náà kò jìnnà sí yín. Ìbàdàn ni UNESCO ti pe ìpàdé lórí ilé ìkàwé fún gbogbo èèyàn ní Áfíríkà ní 1953, Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ àwọn alákòóso ilé ìkàwé láti nǹkan bí 1960.

Owó tí à bá fi kó kọ́ńténà wá, tí a ó tún fi gbà á jáde ní Àpápá, yóò ra ìwé tuntun ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé bíi University Press, HEBN àti Evans wà. Ẹ ra ti WAEC, ó di dandan. Ẹ wá ìwé tí àwọn àgbẹ̀ wa lè lò: NIHORT, ilé iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 ní Ìdí-Ìṣin, lórí èso àti ẹ̀fọ́ ni iṣẹ́ wọn dá lé. Ọmọ tó bá dàgbà nítòsí Ọ̀yọ́ tí kò rí *Àjà Ló Lẹrù* ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kà, ọmọ Ọ̀yọ́ náà, a ti fi nǹkan dù ú.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mí lógún jù kò sí lọ́jà rárá, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìtàn wa. Ọ̀yọ́ ni Àlùfáà Samuel Johnson wà nígbà tó parí ìtàn Yorùbá tó kọ, ní 1897. Ó fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù, kí ó tó jáde ní 1921. Ká ní àwọn àkọsílẹ̀ yẹn náà ti ṣègbé ńkọ́? Ní ìlú tiwa, ìwé pẹlẹbẹ àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìtàn ìdílé wà nínú ìwé àjákọ, fọ́tò àwọn ará Fáàmù Sẹ́tùmẹ́ǹtì Ìlọrà ń parẹ́ nínú àpótí, oríkì wà lórí kásẹ́ẹ̀tì tí ooru ń bà jẹ́. Òfin Nàìjíríà ti 1970 ní kí ilé ìtẹ̀wé fi ẹ̀dà mẹ́ta ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò mọ ohun tó wà nínú àpótí ìyá àgbà. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè kó o jọ. Ẹ fi yàrá kan sílẹ̀ fún un, kí ẹnikẹ́ni má sì yá ohunkóhun nínú rẹ̀ lọ sílé. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ dá ojúlówó padà bó bá fẹ́ ẹ.

Bí ẹ bá ti yan ẹni tí yóò máa bójú tó ilé ìkàwé náà, ẹ fi orúkọ rẹ̀ àti àkójọ ìwé tí ẹ kọ́kọ́ fẹ́ rà ránṣẹ́. Bó jẹ́ ogún ìwé péré, ó tó bẹ̀rẹ̀. N ó ka àkójọ náà fún ẹgbẹ́ wa níbí, a ó dá owó rẹ̀ jọ, a ó sì san án fún àwọn olùtàwé ní Ìbàdàn. Àwọn páálí yìí ṣì wà nínú ilé, a ó kọ́kọ́ gbọ́ tiyín.

Èmi ni,
Ọmọ yín ní Peckham