Ìbéèrè ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá Òkè-Ògùn mu

Ní ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà gbé ìbéèrè Hill-Bone jáde, 14 ni, láti fi mọ̀ bóyá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń tẹ̀lé ìtọ́jú rẹ̀ déédéé. Ọ̀kan ń wádìí iye ìgbà tí a máa ń bu iyọ̀ sórí oúnjẹ kí a tó jẹun. Ìyá kan ní Ṣakí, ní Òkè-Ògùn, lè ní òun kì í bù ú, òótọ́ ló sì sọ: inú ìkòkò ọbẹ̀ ni iyọ̀ àti mágí tirẹ̀ ti wọlé. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti béèrè. Ká béèrè àgbo pẹ̀lú, láìbá ẹnikẹ́ni wí. Ẹni tó gbàgbé oògùn àti ẹni tí kò rówó rà á, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú wọn, nítorí náà kí ìbéèrè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀yin ilé ìwòsàn Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn aláìsàn jókòó kí ẹ tó tẹ irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀.