Àgbà Ọjà àti Orí Ọmọ Tuntun

Ọ̀pọ̀ àgbà ni í fi òwe yìí pa ọ̀dọ́ lẹ́nu mọ́: ‘Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.’ Wọn a sọ ọ́ tán, wọn a máa retí ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí irú wọn dé ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin. Abiyamọ ń ná ata, ọmọ ti sùn lẹ́yìn rẹ̀, orí ọmọ ti wọ́. Ìyá kò kúkú lójú lẹ́yìn. Àgbà tí ó wà nítòsí ni yóò tún orí náà ṣe, ìbáà mọ ìyá ọmọ, ìbáà má mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ni òwe náà gbé lé àgbà lọ́wọ́. Olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní òwe yìí fún ìdánwò ì bá kọ́kọ́ mú wọn dé ìdí àtẹ aláta.